Àárọ̀ kan lórí òkè Chiang Mai: bí ẹ ṣe máa rí tẹ́ńpìlì Doi Suthep àti abúlé àwọn Hmong

Bí ẹ bá dé Chiang Mai ní àríwá Tháílàndì, tó sì jẹ́ ìdajì ọjọ́ péré lẹ ní lọ́wọ́, òkè kan ṣoṣo ni kí ẹ gùn. Doi Suthep ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀-oòrùn ìlú ló wà, bí ojú ọ̀run bá sì mọ́, ẹ ó máa rí i láti àárín ìlú. Lára òkè yìí ni tẹ́ńpìlì Búdà tí àwọn ará àríwá kà kún jù wà. Ẹ gba iwájú tẹ́ńpìlì náà kọjá sókè, ẹ ó bá abúlé ẹ̀yà Hmong tí wọ́n ń pè ní Doi Pui. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, tẹ́ńpìlì kékeré kan, Wat Pha Lat, wà nínú igbó lẹ́bàá ọ̀nà. Títì kan náà ló gbé yín dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo tẹnu mọ́ òkè kan torí pé púpọ̀ nínú ètò tí wọ́n ń tà fún àlejò níbẹ̀ ló máa ń kó tẹ́ńpìlì mẹ́rin, ọgbà erin, ilé ìtajà sílíìkì àti abúlé méjì pọ̀ sínú wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá gba irú ẹ̀, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, fọ́tò nìkan ni yóò sì kó bọ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó sì parí kí ebi ọ̀sán tó mú yín.

1. Ìwé àti àsìkò

Ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó kúrò nílé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń béèrè rẹ̀ báyìí. Àwọn èèyàn wa tó ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò físà fún ìbẹ̀wò kúkúrú. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, gbogbo àlejò, yálà ó gba físà tàbí kò gbà á, ló gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù ìwọlé tí wọ́n ń pè ní TDAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí yóò balẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó lórí rẹ̀, ẹ sá fún un.

Èyí tó rọrùn jù láti gbàgbé ni yẹ́lò káàdì. Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Tháílàndì máa ń béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́ èrò wọn, abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kí ẹ tó dé. Ní pápákọ̀ òfurufú Bangkok, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lẹ máa kọ́kọ́ lọ fi káàdì yìí hàn, kí ẹ tó lọ tò sórí ìlà àwọn tó ń tẹ pásípọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá sáré lọ tò sórí ìlà láìgba ibẹ̀, wọ́n máa dá a padà ni, ìlà náà kì í sì í ṣe kékeré. Láti Bangkok, bàálù kò lò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ dé Chiang Mai. Ọkọ̀ ojú irin wà tí yóò fi gbogbo òru rìn, ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin kò ní kábàámọ̀ rẹ̀.

Ní ti àsìkò, oṣù Kọkànlá sí ìparí oṣù Kìíní ló dára jù: òtútù díẹ̀ wà, ojú ọ̀run sì mọ́. Láti nǹkan bí oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, àwọn àgbẹ̀ máa ń dáná sun oko, igbó náà máa ń jó, èéfín á sì bo gbogbo àfonífojì tí ìlú náà wà. Àwọn ọjọ́ kan wà lásìkò yẹn tí Chiang Mai máa ń wà lára ìlú tí afẹ́fẹ́ wọn burú jù lágbàáyé. Ẹ ó gun òkè dé òkè, ẹ kò ní rí ìlú nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ dán an wò rárá. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá ni òjò; òkè máa ń tutù, ewé á sì yọ̀ minijọ, àmọ́ àtẹ̀gùn á máa yọ̀.

2. Ẹ wá amọ̀nà kí ẹ tó wá ọkọ̀

Ọkọ̀ kò ṣòro. Bolt tí ẹ mọ̀ ní Èkó wà ní Chiang Mai, Grab náà wà. Ọkọ̀ pupa kéékèèké tó ní bẹ́ǹṣì méjì lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní songthaew, máa ń kó èrò lọ sórí òkè láti ẹnubodè Chang Phuak àti láti iwájú ọgbà ẹranko; wọ́n máa ń dúró kí èrò pé, bíi dánfó. Wàhálà Bolt ni pé yóò gbé yín gòkè, kò sì sí ẹni tó máa gbé yín sọ̀ láti abúlé. Bí ẹ bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ gba odidi ọkọ̀ pupa kan fún ìdajì ọjọ́, kí ẹ sì fi ẹnu kò lórí iye owó, ibi tí ẹ máa dúró sí àti aago tí ẹ máa padà, kí ẹsẹ̀ yín tó kan ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó bá lọ láìsí amọ̀nà, yóò rí wúrà àti àtẹ̀gùn ní tẹ́ńpìlì, yóò rí ọjà ní abúlé, yóò sì máa ronú pé ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n ń ṣe níbi méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ará Tháílàndì nìkan ni òfin gbà láàyè láti ṣe iṣẹ́ amọ̀nà, ẹni tó bá sì ń ṣe é gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ó máa ń gbé káàdì rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ẹ wo káàdì yẹn. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé àjèjì ẹlẹgbẹ́ yín tó ní òun ti gbé níbẹ̀ pẹ́, tó fẹ́ máa gbowó fi ìlú han yín. Bí wọ́n bá mú un lójú ọ̀nà, ìrìn yín parí nìyẹn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi amọ̀nà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ṣé ẹ lè gbéra kí aago méje tó lù? Ṣé a ò ní yà sí ilé ìtajà kankan? Ta lẹ mọ̀ ní abúlé? Ìbéèrè kejì ṣe pàtàkì, torí pé ilé ìtajà òkúta iyebíye àti sílíìkì máa ń fún amọ̀nà ní ìpín nínú owó ohun tí àlejò bá rà, ètò tó bá sì pọ́ọ́kú jù ló sábà máa ń yà síbẹ̀ jù. Ìbéèrè kẹta lẹ ó fi mọ ẹni tó dáa. Amọ̀nà tó bá ní ìdílé kan tó máa ń kí, tó lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín yín àti ìyá kan tó ń ya iṣẹ́ sára aṣọ, ẹni yẹn ni kí ẹ mú, ìbáà tiẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Wọ́n á fi abúlé àwọn obìnrin Kayan lọ̀ yín, àwọn tó ń wé irin bàbà mọ́ ọrùn. Èrò tèmi nìyí: ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn Kayan sá wá láti Myanmar nítorí ogun ni, púpọ̀ nínú abúlé tí wọ́n fi ń hàn fún àlejò jẹ́ ibi tí wọ́n dìídì kọ́ nítorí owó ìwọlé, tí àwọn obìnrin máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n lè ya fọ́tò wọn. Ní 2008, àjọ UNHCR tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé sọ̀rọ̀ síta lórí bí wọn kò ṣe jẹ́ kí àwọn kan lára wọn kúrò níbẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbà wọ́n. Doi Pui náà ti di ibi ìnáwó àlejò, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n abúlé gidi ni: àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ló ń gbébẹ̀, wọ́n ní oko, àwọn ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé níbẹ̀.

3. Aṣọ àti àpò

Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ bò, lọ́kùnrin lóbìnrin. Wọ́n ní aṣọ tí wọ́n fi ń yá àlejò ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi aṣọ àyálò ṣe nígbà tí ẹ ní ìró? Ọ̀pá ańkárá méjì nínú àpò tó: ẹ ró o mọ́dìí ní tẹ́ńpìlì, ẹ fi bo èjìká nínú ọkọ̀, torí pé orí òkè tutù ju ìlú lọ dáadáa, pàápàá ní oṣù Kejìlá. Àwọn ọkùnrin á ṣí fìlà bí wọ́n bá wọlé. Bàtà tó ṣeé bọ́ kíá ni kí ẹ wọ̀, nítorí ẹ ó bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ dání; bí oòrùn bá ti mú, táìlì tó yí pagódà wúrà ká, ìyẹn ilé ṣóńṣó àárín tẹ́ńpìlì, máa ń jó ẹsẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ owó sí wẹ́wẹ́ ní ìlú, baht ogún-ogún, nítorí owó ìwọlé, òdòdó àti àgbàdo sísun. Ọ̀nà òkè náà lọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń pa, iwájú ni kó jókòó sí, kó má sì jẹ oúnjẹ tó wúwo láàárọ̀.

4. Aago mẹ́fà ààbọ̀

Ìdí tí a fi ń tètè gbéra ni pé àwọn bọ́ọ̀sì ńlá máa ń dé tẹ́ńpìlì láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá ti débẹ̀ ní aago méje, ẹ lè bá àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn, níbi tí wọ́n ti ń ka àdúrà, ẹ ó sì rí àyè dúró síbi pèpéle táwọn èèyàn ti ń wo ìlú.

Kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ ní kí dírẹ́bà dúró díẹ̀ níbi ère Khruba Srivichai, lẹ́yìn ọgbà ẹranko. Àwọn awakọ̀ kan máa ń pàtẹ́wọ́ pọ̀ kí i bí wọ́n bá ń kọjá. Mọ́ńkì ni, wọ́n bí i ní 1878, ó kú ní 1939, òun ló jẹ́ kí títì tí ẹ fẹ́ gùn wà. Títí di ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń gun òkè lọ sí tẹ́ńpìlì, odidi wákàtí bíi mélòó kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1934, ó kéde pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbé ọkọ́ wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú jáde láti abúlé wọn, ìlú kọ̀ọ̀kan gba ìwọ̀n ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ lásán la títì tó tó kìlómítà mọ́kànlá náà láàárín nǹkan bí oṣù márùn-ún àti ààbọ̀. Ìjọba kọ́ ló sanwó rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ọkọ̀ bá ń yí kọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn.

5. Wat Phra That Doi Suthep

Òkè náà ga tó mítà 1,676 níbi ṣóńṣó. Tẹ́ńpìlì wà ní ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún mítà. Láti ibi tí ọkọ̀ dúró sí, àtẹ̀gùn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló kù. Ejò ńláńlá méjì tí wọ́n ń pè ní naga, olórí méje, ló na ara wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì láti òkè délẹ̀, táìlì aláwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà ni ìpẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ẹnu ẹranko mìíràn tó jọ ọ̀nì ni ejò kọ̀ọ̀kan ti ń jáde. Ọkọ̀ kan tí okùn irin ń fà wà fún àgbàlagbà àti ẹni tí orúnkún ń dùn; kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Àlejò máa ń san owó ìwọlé díẹ̀, àwọn ọmọ ìlú kì í san.

Lójú àtẹ̀gùn, ẹ lè bá àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n wọ aṣọ ẹ̀yà orí òkè, tí wọ́n ń dúró fún fọ́tò olówó. Ẹ má ṣe ya wọ́n. Owó yẹn ló ń mú kí wọ́n wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ilé ìwé.

Bí ẹ bá gòkè tán, ẹ má tíì bọ́ bàtà. Ẹ kọ́kọ́ yí pèpéle ìta ká. Ibẹ̀ ni ère erin funfun wà, ẹ jẹ́ kí amọ̀nà sọ ìtàn rẹ̀ fún yín níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni pé mọ́ńkì kan láti Sukhothai, Sumana, gbé egungun kan tó jẹ́ ti Búdà wá fún ọba Kuena tó ń jẹ lórí ilẹ̀ Lanna, ìjọba àtijọ́ ní àríwá níbẹ̀. Egungun náà pín sí méjì. Wọ́n fi ìdajì kan pa mọ́ sí Wat Suan Dok ní ìsàlẹ̀ ìlú, wọ́n sì gbé ìdajì kejì lé erin funfun lẹ́yìn, wọ́n ní ibi tó bá ti dúró ni ká kọ́ ilé fún un. Erin náà gun òkè, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó wólẹ̀, ó kú. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì sí, ọdún 1383 sì ni wọ́n máa ń fi sí i. Ìlú Chiang Mai fúnra rẹ̀ ti wà ṣáájú, 1296 ni ọba Mangrai tẹ̀ ẹ́ dó.

Ó kù kí ẹ bọ́ bàtà wọ agbo inú. Ẹ má ṣe tẹ pákó ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Pagódà wúrà tó dúró ní àárín, chedi ni wọ́n ń pè é, inú rẹ̀ ni wọ́n ní egungun náà wà, nǹkan bíi mítà mẹ́rìnlélógún ló ga. Bí àárọ̀ bá mọ́lẹ̀, ojú yín kò ní gbà á tààrà. Àwọn olùjọsìn á mú òdòdó lótọ́ọ̀sì kan, àbẹ́là kan àti igi tùràrí mẹ́ta, wọ́n á sì yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ ọ̀tún wọn á máa wà lọ́dọ̀ chedi. Ẹ rìn bí wọ́n ṣe ń rìn, ì báà ṣe pé ẹ kò gbé nǹkan kan dání. Ẹ má ṣe gba òdìkejì bọ̀ kó wọn lójú. Àwọn tí wọ́n bí ní ọdún ewúrẹ́ nínú kàlẹ́ńdà wọn ka ibí yìí sí tẹ́ńpìlì tiwọn, wọ́n máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá, nítorí náà bí ẹ bá rí ẹni tó ń sunkún níbẹ̀, ẹ má ṣe gbé fóònù sí i lójú.

Àwọn mìíràn nínú wa máa ń bẹ̀rù pé bóyá wọ́n á ní kí àwọn forí balẹ̀ fún òrìṣà ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó máa fi dandan mú yín. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni ọ̀wọ̀. Bí ẹ bá jókòó nínú yàrá tí ère Búdà wà, ẹ ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín má ṣe kọjú sí ère tàbí sí mọ́ńkì. Ẹ má ṣe gun ohunkóhun ya fọ́tò. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan orí ọmọ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ọmọ náà dára tó. Orí lọ́wọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí Yorùbá tó mọ ohun tí orí jẹ́ má ṣàṣìṣe níbẹ̀. Àwọn obìnrin kì í fọwọ́ kan mọ́ńkì, wọn kì í sì í fi nǹkan lé e lọ́wọ́ tààrà. Orí aṣọ tó bá tẹ́ síwájú ni wọ́n á gbé e sí. Níbi tí mọ́ńkì ti ń so òwú funfun mọ́ èèyàn lọ́rùn ọwọ́, ọkùnrin kan tí kì í ṣe mọ́ńkì ló máa ń so ti obìnrin.

Ọ̀rọ̀ ọba náà wà ńbẹ̀. Òfin Tháílàndì le gan-an lórí ẹni tó bá tàbùkù ọba tàbí ìdílé rẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbọọrọ ni. Ẹ má ṣe bá amọ̀nà ṣàwàdà nípa fọ́tò ọba tí ẹ rí lára ògiri. Bí owó bá sì já bọ́ lọ́wọ́ yín tó ń yí lọ, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè dúró, àwòrán ọba wà lára rẹ̀.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ tó fún gbogbo èyí. Bí àwọn bọ́ọ̀sì bá ti ń dé, ẹ máa lọ.

6. Doi Pui, abúlé àwọn Hmong

Ẹ ó gba iwájú ààfin Bhubing kọjá. 1961 ni wọ́n kọ́ ọ fún ìdílé ọba. Ọgbà òdòdó rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ibẹ̀, abúlé ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Lẹ́yìn ààfin ni títì náà á tẹ́ẹ́rẹ́, igi páìnì á bo òkè, ọkọ̀ méjì á sì máa dúró de ara wọn.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ọjà, ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, ọ̀pọ̀ nínú ọjà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rí ní ọjà alẹ́ ìlú. Ibí yìí ni púpọ̀ nínú àlejò ti ń padà, tí wọ́n á ní kò sí nǹkan kan ní abúlé yẹn. Ẹ gba àárín ìsọ̀ kọjá, kí ẹ máa gòkè. Ẹ ó dé ọgbà òdòdó àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan tó ní ohun èlò oko, àwọn ọfà, aṣọ àti ohun tí wọ́n fi ń kó oje ópíọ̀mù, oògùn olóró. Ẹ má ṣe sáré níbẹ̀.

Gúúsù Ṣáínà ni àwọn Hmong ti wá, láti bí igba ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń sọ̀ wá sí Láòsì, Vietnam àti Tháílàndì, òkè gíga sì ni wọ́n máa ń tẹ̀ dó sí. Ópíọ̀mù ni wọ́n ń gbìn tà, torí ó fẹ́ràn orí òkè, kò wúwo láti gbé sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń mówó wọlé. Ìjọba fòfin dè é ní ìparí àwọn ọdún 1950, ṣùgbọ́n òfin kò rọ́pò owó. Wọ́n máa ń sọ pé ọba Bhumibol, tó máa ń wá sí ààfin tí ẹ gbà kọjá yẹn, bi àgbẹ̀ Hmong kan ní Doi Pui léèrè pé mélòó ló ń rí lórí ópíọ̀mù, ó sì gbọ́ pé èso píìṣì lásán tó ń hù níbẹ̀ ń mú iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wọlé. Ní 1969 ni iṣẹ́ àkànṣe ọba bẹ̀rẹ̀: èso, ẹ̀fọ́, kọfí, òdòdó. Nǹkan tí wọ́n ń gbìn lónìí nìyẹn. Bí ẹ bá débẹ̀ lásìkò òtútù, ẹ ra strawberry lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì mu kọfí tó ti oko ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ wá.

Ní ti aṣọ, Yorùbá tó bá dé Doi Pui gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ ju àwọn àlejò yòókù lọ, torí pé àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe. Ní Abẹ́òkúta, ìyẹ́ adìyẹ ni aládìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ òwú. Obìnrin Hmong á yọ́ ìda oyin lórí iná, á ti irin bàbà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n so mọ́ igi bọ̀ ọ́, á sì fa ìlà rẹ̀ sórí aṣọ tí wọ́n hun láti ara èèpo hemp, ọmọ ìyá igbó tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fà. Ó gbọ́dọ̀ yára, kí ìda tó dì sórí irin. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ bí irun ló ń fà, igun mẹ́rin inú igun mẹ́rin, ìgbín, àgbélébùú. Bó bá ti gbẹ, ó di inú aró ẹ̀lú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí tí búlúù náà á fi dúdú. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ ìda, ibi tí ìda wà á funfun. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ náà ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ di síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá fi okùn aláràbarà ya iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀.

Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ló pọ̀ jù lórí ìsọ̀, gẹ́lẹ́ bí àdìrẹ tí wọ́n tẹ̀ láti Ṣáínà ṣe kún Ìtòkú. Bí ẹ bá fẹ́ ra ojúlówó, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ síta: ìda máa ń wọ aṣọ, nítorí náà ìlà á hàn lódì kejì. Ẹ wo bóyá ìlà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí bákan náà porogodo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni. Ẹ ta omi sí aṣọ ìnujú funfun, kí ẹ fi ra igun aṣọ náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọrọ àyè. Ẹ̀lú tuntun á fi díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lè ná ọjà, wọ́n ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ná iṣẹ́ ọwọ́ bí ẹni tó ń ná ata. Aṣọ tí obìnrin kan fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣe kò lè jẹ́ iye fìlà tí wọ́n tẹ̀.

Ní òkè ọjà ni ilé wà. Ilẹ̀ ni àwọn Hmong máa ń kọ́ ilé sí tààrà, wọn kì í gbé e sórí òpó bíi ti àwọn Thai. Ilé pákó tó dojú kọ òkè ṣì wà láàárín àwọn ilé bíríkì. Ẹ má ṣe wọlé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé onílé pè yín, bí ẹ bá sì rí ẹ̀ka ewé tútù tí wọ́n fi há ẹnu ọ̀nà, ẹ kọjá lọ: ètùtù ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé. Bí wọ́n bá pè yín wọlé, lára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ni ojúbọ ilé máa ń wà, bébà tí wọ́n fi wúrà àti ìyẹ́ adìyẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ béèrè kí ẹ tó yà á. Ìdí tí mo fi sọ pé ẹ̀sìn òkè àti ìsàlẹ̀ yàtọ̀ nìyí: àwọn baba ńlá àti ẹ̀mí ilé ni púpọ̀ nínú àwọn Hmong ń bọ, wọ́n ní adáhunṣe tiwọn, àwọn kan sì ti di Kristẹni. Àwọn náà máa ń so òwú mọ́ ọrùn ọwọ́, ṣùgbọ́n láti pe ọkàn ẹni tó ń ṣàìsàn padà sára rẹ̀ ni. Ẹ bi amọ̀nà yín nípa òwú méjèèjì. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá owó tí ẹ san tọ́ sí i.

Fọ́tò: ẹ kí onítọ̀hún ná, ẹ ra nǹkan díẹ̀, kí ẹ tó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fóònù. Bó bá mi orí, ó tán. Ìyá àgbà tó bá jókòó ní iwájú ilé rẹ̀ kò wọ aṣọ yẹn nítorí yín.

7. Wat Pha Lat, bí ẹ bá ń sọ̀ bọ̀

Ẹ sọ fún dírẹ́bà ṣáájú, nítorí àwọn kan máa ń fẹ́ sáré kọjá. Láti ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ ó rìn wọ inú igbó díẹ̀. Wọ́n ní erin funfun yẹn sinmi níbẹ̀ kó tó máa gòkè lọ. Omi ń ṣàn lórí àpáta pẹlẹbẹ, ewédò ti bo àwọn ère, kò sí ìsọ̀, kò sí agogo tí àlejò ń lù. Àwọn mọ́ńkì ń gbé níbẹ̀, ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi sọ̀rọ̀, aṣọ tí ẹ wọ̀ ní òkè náà ni kí ẹ ṣì wọ̀. Ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá lágbára tó sì ní ọjọ́ mìíràn lè fi ẹsẹ̀ gun ọ̀nà igbó láti ìsàlẹ̀ ìlú débẹ̀. Àwọn mọ́ńkì àti olùjọsìn ló ń gbà á kí títì tó wà.

8. Ìpadà

Ní aago méjìlá sí méjìlá ààbọ̀, ẹ ti wọ ìlú. Ẹ fún amọ̀nà àti dírẹ́bà ní ẹ̀bùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe kó o lé ẹnì kan lọ́wọ́ pé kí wọ́n pín in. Bí ẹ bá ra ère Búdà, ẹ bi ilé ìtajà léèrè ìwé àṣẹ ti ẹ̀ka ijọba tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, torí láìsí i, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú. Aṣọ àti fàdákà kò ní wàhálà.

Ẹ ní kí wọ́n já yín sílẹ̀ ní Wat Suan Dok dípò hòtẹ́ẹ̀lì. Ojú ọ̀nà ni, ibẹ̀ ni ìdajì egungun tó kù wà, láàárín àwọn pagódà funfun tí eérú àwọn ọba àtijọ́ Chiang Mai wà nínú wọn. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ wá ìsọ̀ tó ń ta khao soi, núdù inú ọbẹ̀ kọrí àti wàrà àgbọn tí wọ́n fi núdù díndín lé lórí. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tó mọ̀ ọ́n sè jù sì ti máa ń tà á tán kí aago mẹ́ta tó lù.